Ọpọlọ Obìnrin àti Ọpọlọ Ọkùnrin Nínú Àrùn Alzheimer

Àrùn Alzheimer ló wọ́pọ̀ jù nínú àwọn àìsàn tí ń mú kí iyè àgbàlagbà ra. Prótéènì méjì ni wọ́n máa ń bá nínú ọpọlọ tó bá mú: amyloid tó ń ṣù jọ sáàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì, àti tau tó ń lọ́ pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì gan-an. Obìnrin ni aláìsàn tí Alois Alzheimer, dókítà ará Jámánì, kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀ ní 1906. Ní Amẹ́ríkà lónìí, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó ní àrùn náà ni obìnrin.

Òótọ́ ni pé ẹ̀mí obìnrin sábà máa ń gùn ju ti ọkùnrin lọ, àrùn àgbà sì ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ PET wo ọpọlọ àwọn àgbà tí iyè wọn ṣì pé, amyloid tọkùnrin tobìnrin kì í fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Níbi tau ni wọ́n ti ń yàtọ̀. Láàárín àwọn tí amyloid ti pọ̀ lọ́pọlọ, tau obìnrin ló máa ń pọ̀ jù, pàápàá ní entorhinal cortex, ojú ọ̀nà tí ìrántí tuntun ń gbà dé hippocampus, ibi ìrántí nínú ọpọlọ. Bẹ́ẹ̀, tau ló ń bá ìgbàgbé rìn ju amyloid lọ.

Síbẹ̀, ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó rí àìsàn náà lára obìnrin. Nínú àyẹ̀wò ìrántí, wọ́n á ka ọ̀rọ̀ mélòó kan sí èèyàn létí, wọ́n á ní kó rántí wọn lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Obìnrin sì mọ irú rẹ̀ ṣe ju ọkùnrin lọ tipẹ́tipẹ́. Hippocampus rẹ̀ lè ti máa sún kì kó ṣì yege. Nígbà tí àṣírí bá fi máa tú, ó sábà máa ń yára ṣubú. Òdiwọ̀n kan náà fún tọkùnrin tobìnrin kò tọ́, lójú tèmi.

Ọkùnrin náà ní tirẹ̀: irú Alzheimer tó ń dá hippocampus sí, tó ń kọ́kọ́ da ọ̀rọ̀ sísọ tàbí ìwà rú, wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wọn, ó sì rọrùn láti pè é ní àìsàn mìíràn.

Kí ló fà á? Jíìnì APOE4, tó ń fi kún ewu Alzheimer, máa ń ṣe obìnrin ní jàǹbá ju ọkùnrin lọ láàárín ọmọ ọdún 65 sí 75. Wọ́n tún nawọ́ sí hómóònù estrogen tó ń fà sẹ́yìn nígbà tí nǹkan oṣù bá dá. Àmọ́ nígbà tí ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà fún àwọn obìnrin tó ti pé ọmọ ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní estrogen pẹ̀lú progestin, èsì 2003 fi hàn pé ewu kí iyè ra di ìlọ́po méjì. Ní 2022, wọ́n fẹ̀sùn kan jíìnì USP11 tó wà lórí krómósóòmù X: obìnrin ń ṣe púpọ̀ nínú èròjà rẹ̀, èròjà náà kì í sì í jẹ́ kí tau kúrò.

Ara àwọn aláwọ̀ funfun ni ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò PET wọ̀nyí ti wá. Àmọ́ ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn àti ní Indianapolis, Amẹ́ríkà, rí i ní 2001 pé nínú 100 àgbà, ẹni 1.15 ni Alzheimer ń mú lọ́dún ní Ìbàdàn, 2.52 láàárín àwọn Adúláwọ̀ Indianapolis. APOE4 kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára lórí àwọn ará Ìbàdàn nínú àwọn èsì àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n níbẹ̀ náà, jíjẹ́ obìnrin wà lára ohun tó ń fi kún ewu.