Ìṣó Òrùlé Tí Kì í Dípáàrà

Ìṣó òrùlé ni orúkọ tí a lè fi pe gbogbo ìṣó, síkúrù, húùkù àti ríbẹ́ẹ̀tì tí káfíńtà fi ń de páànù, alumíníọ̀mù, táìlì tàbí síléètì mọ́ igi tó gbé òrùlé ró. Kékeré ni, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó páànù, ṣùgbọ́n òun ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Bó bá ti dípáàrà, ihò tó wà nídìí rẹ̀ á fẹ̀, òjò á máa wọlé, igi abẹ́ rẹ̀ á jẹrà. Tí ìjì àkọ́rọ̀ bá wá dé, afẹ́fẹ́ á ká páànù kúrò lórí ilé nígbà tí páànù fúnra rẹ̀ kò tíì gbó. Òfin tó borí gbogbo òfin yòókù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn: ohun tí a fi de òrùlé kò gbọdọ̀ kú ṣáájú òrùlé.

Nǹkan mẹ́ta ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ yan ìṣó mọ̀: ohun tí wọ́n fi ṣe òrùlé, igi tí ìṣó máa wọ̀, àti afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ ládùúgbò. Ẹni tó bá béèrè ọ̀kan tó fi méjì sílẹ̀, òrùlé náà á dá a lóhùn láàárín ọdún díẹ̀.

Ohun tó ń jẹ ìṣó

Omi àti afẹ́fẹ́ ló ń sọ irin di ìpáàrà. Bí iyọ̀ bá wà nínú omi náà, tàbí èéfín tó ní imí-ọjọ́, kíá ni iṣẹ́ á yá. Èyí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ káfíńtà kì í kà sí ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí mẹ́táàlì méjì tí kò jọra bá fara kanra níbi tó tutù. Iná mànàmáná kékeré kan máa ń ṣàn láàárín wọn, ọ̀kan nínú wọn á sì máa jẹ tán díẹ̀díẹ̀ nígbà tí èkejì wà láìfarapa. Bí a bá to àwọn tí a ń lò lórí òrùlé láti orí èyí tó máa ń jìyà jù, síǹkì ló ṣáájú, alumíníọ̀mù tẹ̀ lé e, irin lásán ló kàn, lẹ́yìn rẹ̀ òjé, lẹ́yìn òjé bàbà, sitéńlẹ́ẹ̀sì ló kẹ́yìn. Bí méjì bá ṣe jìnnà síra tó nínú ètò yìí ni ìjà wọn ṣe ń le tó.

Ìtàn tó fi èyí hàn jù lọ kì í ṣe ti ilé, ti ọkọ̀ ojú omi ni. Lọ́dún 1761, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì fi bàbà pẹlẹbẹ bo ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ogun HMS Alarm kí kòkòrò inú òkun má baà jẹ pákó rẹ̀. Ìṣó irin ni wọ́n fi kàn án. Ọkọ̀ náà lọ sí àwọn erékùṣù West Indies. Nígbà tí wọ́n yẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò lọ́dún 1763, bàbà ti ń ṣí kúrò, nítorí pé irin tó dì í mú ti jẹ tán. Ṣùgbọ́n àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò rí nǹkan kan: níbi tí bébà tí wọ́n fi di bàbà wá ṣì há sáàárín bàbà àti irin, irin ibẹ̀ ṣì le. Bébà lásán ló dá ìjà náà dúró. Iṣẹ́ kan náà ni rọ́bà tó wà lábẹ́ orí síkúrù òde òní ń ṣe, yàtọ̀ sí pé ó ń dí ihò fún òjò.

Ère Òmìnira tó wà ní New York náà jẹ irú ìyà yẹn. Bàbà ni awọ ara rẹ̀, irin ni egungun tó gbé awọ náà dúró, ìpáàrà sì wú egungun náà débi tó fi ń fa bàbà ya. Nígbà àtúnṣe 1984 sí 1986, sitéńlẹ́ẹ̀sì ni wọ́n fi rọ́pò irin náà.

Ìtóbi mẹ́táàlì méjèèjì tún ń kó ipa. Ìṣó irin kékeré lórí bàbà tó fẹ̀ kò ní pẹ́ kú, nítorí gbogbo ìyà orí bàbà náà ló dá lé e lórí. Síkúrù sitéńlẹ́ẹ̀sì kékeré lórí alumíníọ̀mù tó fẹ̀ yàtọ̀: alumíníọ̀mù ló yẹ kó jìyà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó pọ̀ débi pé ìyà náà kì í hàn, àyàfi létí òkun níbi tí iyọ̀ ti ń ràn án lọ́wọ́.

Síǹkì tó wà lára irin

Lọ́dún 1829, Henry Robinson Palmer gba ìwé àṣẹ ní Lọ́ńdọ̀nù fún irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ká ní ìgbì-ìgbì. Lọ́dún 1837, Stanislas Sorel gba tirẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé fún ríri irin sínú síǹkì tó ti yọ́. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì pàdé nínú páànù tó bo ilé wa títí dòní. Àǹfààní síǹkì ni pé òun ni yóò kọ́kọ́ jẹ tán kí ìpáàrà tó kan irin. Nítorí náà, bí síǹkì ara ìṣó bá ṣe nípọn tó ni ọjọ́ orí rẹ̀ ṣe máa gùn tó.

Ibí yìí gan-an ni wọ́n ti ń rẹ́ àwọn tó ń kọ́lé jẹ. Irú ìṣó méjì ló wà nínú báàgì oníṣọ́ọ̀bù, "galvanized" ni wọ́n sì ń pe méjèèjì. Ọ̀kan ń dán gbinrin, ara rẹ̀ jọ̀lọ̀, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ún: ìyẹn ni èyí tí wọ́n fi iná mànàmáná lẹ síǹkì mọ́ lára, síǹkì náà kì í sì sábà ju máíkírómítà 5 sí 12 lọ. Ẹgbẹ̀rún kan máíkírómítà ló wà nínú mílímítà kan ṣoṣo. Èkejì ṣú bí eérú, ara rẹ̀ le kókó bí a bá fi àtàńpàkò pa á, nígbà mìíràn síǹkì á ti ṣù sí i lórí. Ìyẹn ni èyí tí wọ́n rì sínú síǹkì gbígbóná, tí ooru rẹ̀ tó nǹkan bíi 450°C, síǹkì ara rẹ̀ sì lè tó máíkírómítà 43. Èyí tó rẹwà lójú ni kò níláárí.

Ìwọ̀n àgbáyé ISO 9223 pín afẹ́fẹ́ sí ìpele gẹ́gẹ́ bó ṣe ń jẹ mẹ́táàlì. Ní ìpele àárín tí wọ́n ń pè ní C3, síǹkì máa ń dín ní máíkírómítà 0.7 sí 2.1 lọ́dún. Ní C5, níbi tí iyọ̀ òkun tàbí èéfín ilé iṣẹ́ ti pọ̀ gan-an, ó lè dín ní 4.2 sí 8.4. Ẹ ṣírò rẹ̀: níbi tó bá le tó C5, síǹkì máíkírómítà 8 kò ní ju ọdún méjì lọ, máíkírómítà 43 sì lè má tó ọdún mọ́kànlá. Ibẹ̀ ló ti di dandan láti kúrò lórí síǹkì bọ́ sórí sitéńlẹ́ẹ̀sì.

Òrùlé kọ̀ọ̀kan àti ohun tó bá a mu

Páànù onísíǹkì, ìṣó páànù tí wọ́n rì sínú síǹkì gbígbóná ló yẹ ẹ́, èyí tí orí rẹ̀ fẹ̀ bí agboòrùn tí rọ́bà sì wà lábẹ́ rẹ̀. Orí ìgbì ni kí wọ́n ti kàn án, kì í ṣe inú kòtò tí omi ń gbà kọjá. Òrùlé aláwọ̀ ilẹ̀ tí Ìbàdàn fi gbajúmọ̀ fi hàn pé kò dìgbà tí ilé bá wà létí òkun kí ìpáàrà tó dé bá a. Òjò àti ooru tó síǹkì tó fẹ́lẹ́ pa.

Alumíníọ̀mù gígùn tó gbòde lóde òní ló gba ìṣọ́ra jù. Ìṣó alumíníọ̀mù tàbí síkúrù sitéńlẹ́ẹ̀sì tó ní wáṣà àti rọ́bà EPDM ló bá a mu. Ìṣó irin lásán kò yẹ kó dé orí rẹ̀, nítorí pé ìpáàrà ìṣó á ṣàn sílẹ̀ lórí àwọ̀ rẹ̀, ihò náà á sì máa jẹ ara rẹ̀ fẹ̀. Bàbà ni ọ̀tá rẹ̀ tó burú jù: omi tó bá ṣàn kọjá lára páìpù bàbà ẹ̀rọ amúlétutù tó sì ń kán sórí alumíníọ̀mù lójoojúmọ́ á lu ibẹ̀, bí bàbà náà kò tilẹ̀ fara kàn án. Sìmẹ́ńtì tútù náà ń jẹ ẹ́. Bákan náà, alumíníọ̀mù ń gùn ó sì ń sún kì nínú oòrùn: èyí tó gùn ní mítà 10, bí ooru ara rẹ̀ bá fi 40°C ga sí i, á fi nǹkan bíi mílímítà 9 gùn sí i. Bí káfíńtà kò bá fi àyè sílẹ̀ nínú ihò, síkúrù á máa ya ihò náà lójoojúmọ́.

Òrùlé olókùúta wẹ́wẹ́ jẹ́ irin tí wọ́n fi àdàlù alumíníọ̀mù àti síǹkì bò. Nínú àdàlù tó wọ́pọ̀ jù, alumíníọ̀mù kó ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún, síǹkì kó 43.4, sílíkọ́ọ̀nù sì kó 1.6. Ìṣó rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá fún un, tí orí rẹ̀ ní ọ̀dà, kí wọ́n sì kàn án láti iwájú etí táìlì tó tẹ̀ wálẹ̀, kí omi má baà dúró lé e. Ẹ̀rọ ìgé tó ń ta iná kò dára fún un: ìpẹ́pẹ́ iná rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ òrùlé, á sì di àmì ìpáàrà láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Òrùlé ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì tó ṣẹ́ kù lórí àwọn ilé àtijọ́, húùkù ni wọ́n fi ń de é. Eruku rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lu ihò sí i láìní ìdáàbòbò.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ra ilé àtijọ́ ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì á bá síléètì pàdé. Síléètì lè lo ọgọ́rùn-ún ọdún, ìṣó irin kò lè lò ó. Bí ìṣó bá kú, síléètì tó ṣì yè á máa yọ́ wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn oníṣẹ́ ibẹ̀ sì máa ń pè é ní àìsàn ìṣó. Ìṣó bàbà ni wọ́n máa ń lò fún un. Ní Amẹ́ríkà, igi sídà tí wọ́n fi ń bo ilé ní ásíìdì nínú, sitéńlẹ́ẹ̀sì ló tọ́ sí i.

Igi àti afẹ́fẹ́

Oògùn tí wọ́n fi ń pa ikán nínú igi máa ń ní bàbà nígbà mìíràn. Láti òpin ọdún 2003 tí àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ti ṣíwọ́ lílo oògùn CCA fún igi ilé gbígbé, bàbà inú àwọn oògùn tó rọ́pò rẹ̀ tún pọ̀ sí i, wọ́n sì ń jẹ ìṣó onísíǹkì fẹ́lẹ́. Ẹ bi onípákó léèrè oògùn tó lò. Bí bàbà bá wà nínú rẹ̀, ìṣó tí wọ́n rì sínú síǹkì gbígbóná tàbí sitéńlẹ́ẹ̀sì ni kí ẹ lò, ẹ má sì lo ìṣó alumíníọ̀mù.

Ní Lẹ́kkì, Àgbádárìgì, Ayétòrò ti Ìlàjẹ àti Kútọnù, ìjì òkun ń gbé iyọ̀ wá sórí ilé. Agbára rẹ̀ ń dín kù kíákíá bí ilé bá ṣe jìnnà sí òkun. Òjò pàápàá ń fọ iyọ̀ kúrò, ìdí nìyí tí ìṣó abẹ́ etí òrùlé, níbi tí òjò kì í dé, fi ń tètè bàjẹ́ ju ti orí rẹ̀ lọ. Sitéńlẹ́ẹ̀sì 304, tó ní nǹkan bíi ìdá 18 kúrómíọ̀mù àti ìdá 8 níkẹ́ẹ̀lì nínú ọgọ́rùn-ún, tó fún àárín ìlú. Létí òkun, 316 tó ní ìdá 2 sí 3 mólíbdẹ́nọ̀mù ni kí ẹ béèrè. Síkúrù 410 náà ń jẹ́ sitéńlẹ́ẹ̀sì, ṣùgbọ́n kò lè dúró níwájú iyọ̀. Òòfà máa ń fà á gidi, kì í sábà fa 304 àti 316.

Bí wọ́n ṣe ń dè é

Síkúrù tí wọ́n bá fún jù, rọ́bà rẹ̀ á fún jáde, á sì ya nínú oòrùn. Èyí tí wọ́n kò fún tó, omi á wọ abẹ́ rẹ̀. Ó tó bí rọ́bà bá yọ díẹ̀ yí etí wáṣà ká. Èérún irin tó bá dà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń lu ihò, kí wọ́n gbá a kúrò lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí pé ìrì òru kan tó láti sọ ọ́ di ìpáàrà.

Ẹ̀yin tó ń kọ́lé, ẹ má fi ríra ìṣó sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹ ra á lọ́jọ́ tí ẹ bá ra páànù, ẹ mú òòfà dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín pa á wò kí káfíńtà tó gun òkè.