Ògúndé àti Eré tí Ìjọba Bẹ̀rù ní Kánò

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1949, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa awakùsà 21 ní Enugu. Hubert Ògúndé, tí òun pàápàá ti ṣe ọlọ́pàá rí, sọ ọ̀ràn náà di eré orí ìtàgé ní ọdún 1950, ó pe àkọlé rẹ̀ ní ‘Bread and Bullet’. Ní Kánò, ìjọba amúnisìn fòfin dè é. Ní Jọ́s bákan náà, wọ́n ti dá ‘Strike and Hunger’ dúró ṣáájú, èyí tí ó dá lórí ìdaṣẹ́sílẹ̀ ọdún 1945. Akọ̀wé àti òṣìṣẹ́ rélùwéè pọ̀ ní Sábọ̀n Gàrí nígbà náà. Ní tèmi, àwọn òyìnbó mọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù: òṣìṣẹ́ tí ó bá rí ìyà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí ìtàgé lè jí ní ọjọ́ kejì kí ó béèrè owó oṣù tirẹ̀.