Ọkùnrin Méjìlá Tó Bá Pọ́túgà Wí

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1871, ọkùnrin méjìlá fọwọ́ sí ìwé kan tí wọ́n gbé jáde ní Lisbon, olú-ìlú Pọ́túgà. Wọ́n ní àwọn yóò máa ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní gbangba, kí ará ìlú lè gbọ́ ohun tí Yúróòpù ń jiyàn lé lórí nípa ìjọba, ẹ̀sìn, ẹ̀kọ́ àti ìwé kíkọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Gbọ̀ngàn tí wọ́n gbà ni Casino Lisbonense, ibi tí wọ́n ti ń kọrin tí wọ́n ti ń jó lálẹ́, ní gbàgede kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Largo da Abegoaria.

Antero de Quental ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Akéwì ni, ọmọ erékùṣù Azores tó kàwé òfin ní Coimbra. Kì í ṣe ẹni tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò dùn mọ́ ọn kó dákẹ́: ní 1866, nítorí àríyànjiyàn lórí ewì lásán, òun àti òǹkọ̀wé Ramalho Ortigão fa idà yọ síra wọn ní Porto, ó sì ṣe Ramalho léṣe lápá. Àwọn méjèèjì padà di ọ̀rẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún, Antero bi àwọn tó wá gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ léèrè pé kí ló ṣe Pọ́túgà àti Sípéènì, tí òkun ayé ti wà lábẹ́ wọn rí, tí wọ́n fi wá di ẹni ẹ̀yìn láàárín àwọn ẹgbẹ́ wọn? Ó ka ìdí mẹ́ta. Èkíní ni ìjọ Kátólíìkì lẹ́yìn ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ìlú Trent, tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó bá fẹ́ ronú. Èkejì ni àwọn ọba tó kó gbogbo agbára sọ́wọ́ ara wọn, tí àwọn ìlú kéékèèké ò fi lè ṣàkóso ara wọn mọ́. Ẹ̀kẹta ni ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ṣẹ́gun, tó mú kí ọ̀dọ́ fi oko sílẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ wá ọrọ̀ ọ̀fẹ́, tí iṣẹ́ ọwọ́ fi di ohun ìtìjú nílé. Kí òǹkàwé jọ̀wọ́ di ìdí kẹta yìí mú dáadáa.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn mìíràn sọ tiwọn. Eça de Queirós, ọmọ ọdún 25 tó kàwé òfin, sọ̀rọ̀ ní oṣù Kẹfà pé kí òǹkọ̀wé máa kọ ayé bó ṣe rí, kó yé fi ìfẹ́ àti ẹkún tan ènìyàn. Adolfo Coelho ní kí wọ́n gba ilé ìwé kúrò lọ́wọ́ àwọn àlùfáà. Nígbà tó kan Salomão Sáragga, tó fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àwọn onítàn tó ń yẹ ìtàn Jésù wò, ìjọba ní ó tó. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà, àṣẹ jáde láti ọ̀dọ̀ António José de Ávila, olórí ìjọba, pé kí wọ́n ti gbọ̀ngàn náà pa. Oṣù kan péré ṣáájú ni ẹ̀jẹ̀ ṣàn ní Paris nígbà tí ìjọba Faransé fọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀ ìlú náà túútúú, àyà ń já gbogbo ìjọba Yúróòpù.

Ìjọba tó ti ilẹ̀kùn yẹn ò rorò ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ọba Luís, tó jẹ láti 1861 sí 1889, fẹ́ràn ìwé débi pé òun fúnra rẹ̀ túmọ̀ eré Shakespeare sí èdè Potogí. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ òṣèlú méjì, Regenerador àti Progressista, ló ń gbé àga fún ara wọn. Nígbà tí èyí bá sú ọba, á pe ìkejì. Ẹni tí ọba bá pè ló ń ṣètò ìbò, ẹni tó bá sì ṣètò ìbò ló ń wọlé. Kò sí ohun tó yẹ ká tún sọ nípa ìbò náà ju ìyẹn lọ.

Ẹni tó tóbi jù nínú àwọn Regenerador ni Fontes Pereira de Melo, ẹnjiníà ológun tó ti ń ṣe mínísítà iṣẹ́ òde láti 1852. Ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ gbéra ní Lisbon lọ sí Carregado ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá ọdún 1856, kìlómítà 36 péré. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, ojú irin ti lé ní 2,000 kìlómítà. Ní 1877, wọ́n ṣí afárá Maria Pia lórí odò Douro ní Porto, irin kan ṣoṣo tó tẹ̀ kọdọrọ láti bèbè dé bèbè, iṣẹ́ ilé iṣẹ́ Eiffel, ọdún méjìlá kí Eiffel tó gbé ilé ìṣọ́ rẹ̀ dúró sí Paris. Lisbon ṣí òpópónà ńlá Avenida da Liberdade ní 1886. Owó tí wọ́n fi ṣe èyí tó pọ̀ nínú gbogbo rẹ̀, wọ́n yá a ní London àti Paris ni. Àwọn òǹkọ̀wé fi Fontes ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi kú ní 1887. Ní tèmi, ọwọ́ wọn le jù: àgbẹ̀ tí ọkọ̀ rélùwéè gbé ẹrù rẹ̀ dé ọjà lọ́jọ́ kan ò jẹ́ bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé ọkùnrin náà ò bìkítà ẹni tí yóò san gbèsè náà.

Ẹni tó ń san án náà rèé. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1875, ní ọjọ́ tó ṣáájú ọdún Antonio Mímọ́ tí gbogbo Lisbon máa ń fi ijó àti sádìnì sísun ṣe, Rafael Bordalo Pinheiro ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ kan sínú ìwé ìròyìn *A Lanterna Mágica*. Nínú rẹ̀, Fontes ló jókòó bí ẹni mímọ́, wọ́n sì ń tọrọ owó ọdún lọ́wọ́ ará oko kan, ìyẹn owó orí. Ará oko náà dúró gọ̀ọ́, irùngbọ̀n yí ẹnu rẹ̀ ká, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀, ó ń họ orí bí ẹni tí ìṣirò ò yé. Zé Povinho ni orúkọ rẹ̀, mẹ̀kúnnù ni. Bordalo ń yà á lọ fún ọgbọ̀n ọdún. Nígbà mìíràn á di gàárì mọ́ ọn lẹ́yìn bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, kí àwọn olóṣèlú gun orí rẹ̀. Nígbà tí Bordalo dá ilé iṣẹ́ amọ̀ sílẹ̀ ní Caldas da Rainha ní 1884, ó mọ Zé Povinho tó ń fi apá rẹ̀ bú àwọn ọ̀gá, ọwọ́ kan dì mọ́ ìgúnpá ìkejì tí ìkúùkù ti ga sókè. Wọ́n ṣì ń tà á di òní.

Ìdí tí àwòrán fi rìn jìnnà ju ìwé lọ ò le rí. Ní 1900, nínú ènìyàn mẹ́rin ní Pọ́túgà, nǹkan bí mẹ́ta ni kò mọ ìwé kà. Akéwì João de Deus gbìyànjú láti wá nǹkan ṣe sí i: ó gbé *Cartilha Maternal* jáde ní 1876, ìwé a-bí-dí tí ìyá lè fi kọ́ ọmọ nílé, ìwé náà sì gbayì débi pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá yẹ́ ẹ sí tìlùtìfọn ní 1895, ọdún kan kó tó kú. Fún àwọn díẹ̀ tó mọ̀wé, ìwé ò wọ́n. Camilo Castelo Branco, àgbà tí kò sí lára àwọn méjìlá, fi ìwé kíkọ jẹun ní gbogbo ayé rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n Porto ló ti kọ èyí tó lókìkí jù, *Amor de Perdição*, nígbà tí wọ́n tì í mọ́lé nítorí aya aláya. Eça ní tirẹ̀ rí iṣẹ́ kọ́ńsùlù gbà. Havana ní Kúbà ni wọ́n kọ́kọ́ rán an lọ ní 1872. Níbẹ̀ ló ti bá àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n kó gba Macau, ilẹ̀ Potogí, wá sí oko ìrèké, tí wọ́n ń lò bí ẹrú. Ó kọ̀wé sí ìjọba rẹ̀ lórí wọn, ó sì dúró tì wọ́n. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Newcastle, Bristol, títí dé Paris. Òkèèrè ló wà tó ti ń kọ nípa ilé: *O Crime do Padre Amaro* ní 1875, nípa àlùfáà tó fún ọmọbìnrin kan lóyún ní ìlú kékeré Leiria, *Os Maias* ní 1888, nípa ọlọ́lá Lisbon tó lówó, tó lọ́gbọ́n, tí kò sì rí nǹkan kan fi méjèèjì ṣe.

Àwọn olókìkí ìgbà náà ò parí sí Lisbon. Lẹ́bàá odò Douro, níbi tí wáìnì Porto ti ń wá, opó kan wà tó ń jẹ́ Antónia Adelaide Ferreira. Ní 1861, ọkọ̀ ojú omi kan dojú dé ní Cachão da Valeira. Baron Forrester, oníṣòwò wáìnì tó ya àwòrán odò náà sórí máàpù, bómi lọ, àmọ́ Antónia yè é. Wọ́n ní yẹ̀rì rẹ̀ tó gbòòrò ló gbé e léfòó. Nígbà tí kòkòrò phylloxera jẹ gbòǹgbò àjàrà Douro run, tí àwọn mìíràn ń ta oko, ńṣe ló ń rà á. Ìgbà tó fi máa kú ní 1896, kò sí ẹni tó ní oko àjàrà tó o ní àfonífojì yẹn.

Àwọn tí kò ní oko tí wọ́n lè tà wọ ọkọ̀ lọ sí Bràsíl. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ń lọ lọ́dọọdún, pàápàá láti Minho ní àríwá. Owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé ló ń dí ihò tí gbèsè Fontes gbẹ́. Ẹni tó bá là padà á kọ́ ilé alájà mélòó kan sí abúlé bàbá rẹ̀, wọn á sì máa pè é ní ará Bràsíl títí tó fi máa kú.

Ìjọba ní tirẹ̀, Áfíríkà ló yíjú sí. Ẹgbẹ́ kan fún ìmọ̀ ilẹ̀ ayé, Sociedade de Geografia, bẹ̀rẹ̀ ní Lisbon ní 1875. Serpa Pinto rin Áfíríkà já láti Benguela láàárín 1877 sí 1879. Capelo àti Ivens tún rìn láti Àǹgólà dé Mòsáńbíìkì ní 1884 sí 1885. Wọ́n pàdé wọn ní Lisbon bí akọni. Ní 1885 kan náà, Pọ́túgà kéde pé etí òkun Dahomey ti wà lábẹ́ ààbò òun, nípasẹ̀ Julião de Souza, ọmọ ìdílé Chacha ní Ouidah. Ọba Glele ò mọ̀ pé òun fi ilẹ̀ òun sábẹ́ ẹnikẹ́ni. Ní 1887, Pọ́túgà kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ; odi ìlú kékeré tí wọ́n ní ní Ouidah nìkan ló ṣẹ́ kù sí wọn lọ́wọ́. Láàárín méjèèjì, ní 1886, máàpù kan jáde tí wọ́n fi àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ kun láti Àǹgólà dé Mòsáńbíìkì, bí ẹni pé gbogbo àárín ibẹ̀ ti di tiwọn.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ò gbà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1890, aṣojú wọn gbé ìwé Salisbury, olórí ìjọba wọn, wá: kí Pọ́túgà kó gbogbo ọmọ ogun rẹ̀ kúrò ní àfonífojì Shire àti ilẹ̀ Mashona, kí èsì sì dé kí ọjọ́ náà tó ṣú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ aṣojú náà yóò kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Lisbon. Ìjọba gbà lóru. Ọba Carlos ò tíì lo oṣù mẹ́ta lórí ìtẹ́. Kò pẹ́, àwọn ọ̀dọ́ ti fi aṣọ dúdú wé ère Camões, akéwì ńlá wọn, ní àárín Lisbon. Alfredo Keil gbé orin *A Portuguesa* jáde, Lopes de Mendonça kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n dáwó jọ jákèjádò ìlú láti ra ọkọ̀ ogun, owó náà ni wọ́n fi kan Adamastor ní Livorno ní Ítálì.

Antero pàápàá, ẹni tó ti sọ ní 1871 pé ilẹ̀ òkèèrè ló pa Pọ́túgà, gbà láti ṣe olórí ẹgbẹ́ Liga Patriótica do Norte ní Porto. Ẹgbẹ́ náà ò pẹ́ tó fi tú ká. Ó padà sí Azores, àárẹ̀ ọkàn ti ń bá a jà tipẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án 1891, ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀ lórí bẹ́ńṣì kan ní ìta ilé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ní Ponta Delgada.

Ọdún náà le fún gbogbo wọn. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní, àwọn ọmọ ogun kan ní Porto kéde ìjọba tí kò ní ọba. Kí ọjọ́ tó rọ̀, ìbọn ti tú wọn ká. Owó Bràsíl ń dín kù, àwọn tó ń yá ni lówó ní London náà ti wọ wàhálà, ní oṣù Karùn-ún ìjọba ò lè fi wúrà pààrọ̀ owó ìwé mọ́. Nígbà tó di 1892, wọ́n ní ìdá kan nínú mẹ́ta èlé orí gbèsè òkèèrè làwọn yóò máa san. Ẹni tí wọ́n pè láti tún àpò ìjọba ṣe lọ́dún náà ni Oliveira Martins, òpìtàn, ọ̀kan nínú àwọn méjìlá. Kò lò ju oṣù mélòó kan lọ kó tó kúrò níbẹ̀. Ó kú ní 1894, Eça kú ní Paris ní 1900.

Wọ́n yìnbọn pa Carlos àti àrólé rẹ̀ ní Lisbon ní 1908. Ní oṣù Kẹwàá 1910, nígbà tí ìjọba ọba ń wó, Adamastor tí ará ìlú dáwó rà wà lára àwọn ọkọ̀ ogun tó yin àgbá sí ààfin. Teófilo Braga ló di olórí ìjọba tuntun, Manuel de Arriaga sì ni Ààrẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn, ní 1911. Àwọn méjèèjì wà lára àwọn méjìlá tó fọwọ́ sí ìwé 1871. Wọ́n gba ilé ìwé àti ìjọba kúrò lábẹ́ ìjọ, wọ́n lé ọba, ìdí kìíní àti ìkejì tí Antero kà ni wọ́n gbá mú. Ìkẹta ni wọn ò fọwọ́ kàn. Orin tí wọ́n kọ nítorí ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n sọ di orin orílẹ̀-èdè. Odi Ouidah ò kúrò lọ́wọ́ wọn àfi ní 1961, nígbà tí ìjọba Dahomey gbà á. Àǹgólà àti Mòsáńbíìkì gba òmìnira ní 1975, lẹ́yìn ogun tó lé ní ọdún mẹ́wàá.