Táyà Tí A Lẹ̀ àti Ọ̀nà Márosẹ̀

Nígbàkúùgbà tí táyà bá bẹ́ ní ọ̀nà márosẹ̀, ohun tí àwọn ènìyàn kọ́kọ́ ń béèrè ni pé, ta ni ó lẹ̀ ẹ́? Ìtàn iṣẹ́ náà fi hàn pé ìbéèrè yìí kò tó.

Orúkọ fọkanáísà ti ní gbòǹgbò kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó dé ayé. Ní 1839 ni Charles Goodyear, ará Amẹ́ríkà, rí i pé bí a bá po imí-ọjọ́ mọ́ rọ́bà, tí a sì fi iná sí i, kò ní yọ́ nínú oòrùn mọ́. Vulcan, òrìṣà iná àti ti àwọn alágbẹ̀dẹ láàárín àwọn ará Róòmù àtijọ́, ni wọ́n fi sọ iṣẹ́ náà lórúkọ. Ẹni tí ó bá mọ Ògún kò ní béèrè ìdí rẹ̀. Ní 1888, John Boyd Dunlop, oníṣègùn ẹran ní ìlú Belfast, gba ìwé àṣẹ lórí táyà onífẹ́fẹ́ tí ó ti kọ́kọ́ ṣe fún kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni táyà ti ń jò.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, tíúbù ni àwọn fọkanáísà ìṣáájú ń lẹ̀. Wọn a tú táyà, wọn a ri tíúbù bọ omi kí wọ́n lè rí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń hó jáde, wọn a ha ojú ibẹ̀, wọn a fi rọ́bà bò ó, wọn a sì gbé pístìn àlòkù tí epo ń jó nínú rẹ̀ lé e títí yóò fi jiná. Iṣẹ́ gidi ni. Ẹni tí ó sì gba Abẹ́òkúta tàbí Ṣágámù lọ sí Ìbàdàn nígbà náà kò rí ọ̀nà sáré títí. Táyà rẹ̀ a ráyè tutù.

Ní 1978 ni ìjọba ológun ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, nǹkan bí kìlómítà 127. Táyà tí kò ní tíúbù náà sì gbilẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Fọkanáísà wá ń ti okùn rọ́bà bọ ihò láti òde, láìtú táyà kúrò lára rímù. Afẹ́fẹ́ dúró, awakọ̀ sanwó, ó lọ. Kò sí ẹni tí ó wo inú.

Inú gan-an ni ewu wà. Táyà tí awakọ̀ ń sáré lé lórí nígbà tí ó ń jò, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ a ti tẹ̀, a ti gbóná, okùn àti wáyà inú rẹ̀ a sì ti máa já. Dídí ihò òde kò so wáyà kankan padà. Nínú ìgboro, ó lè má hàn. Ṣùgbọ́n bí eré bá pọ̀ tí ọ̀nà sì jìn, ooru a máa gorí ooru títí táyà yóò fi bẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi pààlà: ihò tí kò fẹ̀ ju mìlímítà 6 lọ, ní àárín ibi tí táyà fi ń tẹlẹ̀, ni kí a lẹ̀, láti inú, lẹ́yìn tí a bá ti tú u yẹ̀ wò. Ẹ̀gbẹ́ kò ṣeé lẹ̀. Táyà tí a bá lẹ̀ báyìí lè rin ọ̀nà jíjìn.

Lẹ́yìn 1986 tí náírà já wálẹ̀, táyà tuntun wọ́n, tòkunbọ̀ sì gba ọjà. Ní 2007, Michelin ti ilé iṣẹ́ táyà rẹ̀ ní Port Harcourt pa. Nọ́ńbà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn lára àmì DOT ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí a ṣe táyà: 2315 ni ọ̀sẹ̀ 23 ní 2015. Ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà tí ń sọ iye ìgbà tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ ní òkè òkun. Fọkanáísà ẹ̀bá títì nìkan ni ó lè rí ìyẹn, bí awakọ̀ bá gbà kí ó tú u.