Obìnrin, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ àgbẹ̀ ní etíkun Àgbádárìgì

Etíkun Àgbádárìgì jẹ́ ilẹ̀ tóóró láàárín òkun àti ọ̀sà, ní ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Èkó títí dé Sèmè, ẹnubodè Nàìjíríà àti Benin. Àwọn Ègùn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọkùnrin ló sábà máa ń da àwọ̀n, tó sì ń gun àgbọn. Bí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀, ọwọ́ obìnrin ni iṣẹ́ kù sí: ẹja yíyan, epo àgbọn, gàrí àti ọjà títà. Ìwádìí tó bá fojú fo obìnrin dá níbí, ìdajì ọ̀rọ̀ ló gbọ́.

Ìdí ààrò ẹja ni èyí ti hàn jù. Ẹja bónga kì í pẹ́ bàjẹ́ nínú ooru, nítorí náà wọn kì í fi iná falẹ̀. Ìdajì dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n tẹ́ wáyà lé lórí ń jẹ igi púpọ̀, ẹni tó ń yí ẹja pa dà sì ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, kí èéfín máa ta á lójú. Èéfín yìí kan náà ń kó àwọn kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní PAH sára ẹja, òmíràn nínú wọn sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ àti àwọn obìnrin ayanja ní Chorkor, ní Accra, jọ gbìmọ̀ ṣe ààrò alámọ̀ onígun mẹ́rin kan, tí pẹpẹ ẹja ń gorí ara wọn nínú rẹ̀. Igi díẹ̀ ló ń gbà. Ó tàn ká Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, mo sì gbà pé ohun tó mú un tàn ni pé àwọn tí yóò lò ó wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ààrò Thiaroye jáde ní Senegal, èyí tó dín PAH kù gidigidi. Àwọn onímọ̀ kò jìnnà sí etíkun yìí náà: iléeṣẹ́ ìwádìí òkun ti Nàìjíríà, NIOMR, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, ní ibùdó kan ní Àgbádárìgì.

Ọ̀rọ̀ àgbọn kò yàtọ̀. Àgbọn gíga a máa tó ọdún mẹ́fà kí ó tó so. Àgbọn àràrá lè so láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ẹran inú àràrá kò dára tó ti gíga fún epo. Obìnrin tó ń ha àgbọn, tó ń fún wàrà rẹ̀, tó ń dá ohun tó léfòó sórí iná títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ, mọ èyí kí ẹnikẹ́ni tó wọn ún. Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ìwádìí RTBfoods (2017 sí 2022), tí Yunifásítì Bowen ní Ìwó kópa nínú rẹ̀, lọ wá lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe gàrí, kí ó lè dé etí àwọn tó ń mú irú ẹ̀gẹ́ tuntun jáde.

Ní ilé ẹ̀kọ́ gíga náà, obìnrin ti di aṣíwájú. Lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, ní Ọ̀jọ́, ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó wà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983. Jadesola Akande, amòfin, ṣe gíwá rẹ̀ láti 1989 sí 1993. Ní 2021, Ibiyemi Olatunji-Bello, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ nípa iṣẹ́ ẹ̀yà ara, gba ipò náà. Lágbàáyé, UNESCO fi hàn pé nǹkan bí ẹnì kan nínú olùwádìí mẹ́ta ni obìnrin. Láti 2008 ni ètò AWARD, tó wà ní Nairobi, ti ń ti àwọn obìnrin onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Áfíríkà lẹ́yìn.

Ìròyìn FAO ti ọdún 2011 sọ pé bí àgbẹ̀ obìnrin bá rí ilẹ̀, ajílẹ̀ àti owó yíyá gbà bí ọkùnrin, ìkórè oko rẹ̀ lè fi ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí ní etíkun yìí: bí wọ́n bá pín irúgbìn àgbọn fún kìkì ẹni tó ni ilẹ̀, obìnrin tó ń ra èso lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi ṣe epo kò ní rí nǹkan kan gbà nínú rẹ̀.