Dífíṣọ̀n: Ìpín Tí Ó Di Ilé

Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò nílò ìwé atúmọ̀ kí ó tó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, division, jẹ́. Olùkọ́ ìṣirò yóò kọ 12 sára pátákó, yóò pín in sí ọ̀nà 3, ọ̀rọ̀ parí. Nínú ìtàn Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀.

Lẹ́yìn tí Lugard so Àríwá àti Gúúsù pọ̀ ní ọdún 1914, pùròfíǹsì ni ìjọba amúnisìn fi ń ṣàkóso, pùròfíǹsì kọ̀ọ̀kan sì ní àwọn dífíṣọ̀n tirẹ̀ nínú. Òyìnbó tí a ń pè ní D.O. ni olórí dífíṣọ̀n: òun ni ó ń gbọ́ ẹjọ́, òun ni ó ń bójú tó owó-orí, òun náà ni ó ń wo ọ̀nà àti afárá. Ajẹ́lẹ̀ ni àwọn Yorùbá pè é, orúkọ náà kì í sì í ṣe ti ìyìn. Ajẹ́lẹ̀ ni Ìbàdàn ń fi sí àwọn ìlú tí ó ṣẹ́gun ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìwà wọn wà lára ohun tí ó fa ogun Kírìjì, tí Èkìtìparapọ̀ fi dojú kọ Ìbàdàn láti 1877 títí di 1893.

Síbẹ̀, lára àwọn Èkìtì kan náà ni a ti rí i pé ìpín lè di àpapọ̀. Ọba púpọ̀ ni ó wà níbẹ̀, kò sì sí èyí tí ó jẹ́ olórí gbogbo wọn. Ogun ni ó kó wọn jọ. Ogun náà parí. Dífíṣọ̀n Èkìtì, lábẹ́ Pùròfíǹsì Oǹdó, ni ó wá kó wọn sábẹ́ àkóso kan ní àkókò àlàáfíà. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996, ààlà rẹ̀ kò jìnnà sí ti dífíṣọ̀n àtijọ́ náà. (Inú "pín" ni "ìpínlẹ̀" pàápàá ti jáde.)

Ọ̀rọ̀ àwọn Tiv ní ẹkùn odò Bénúé jọ èyí. Wọn kò ní ọba kan ṣoṣo kí Òyìnbó tó dé. Ìran àti ẹbí ni wọ́n fi ń darí ara wọn. Dífíṣọ̀n Tiv, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Gboko, kó ọ̀pọ̀ nínú wọn sábẹ́ orùlé kan, nígbà tí ó sì di 1947 wọ́n ní Tor Tiv àkọ́kọ́, Makere Dzakpe.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ìlà náà ṣe lóore. Ìgbómìnà kan náà ni ará Ìlá àti ará Òmù-Àrán, ṣùgbọ́n Ìlá bọ́ sí Ìwọ̀-Oòrùn, Òmù-Àrán bọ́ sí Pùròfíǹsì Ìlọrin ní Àríwá. Títí di òní, ọ̀kan wà ní Ọ̀ṣun, èkejì wà ní Kwárà.

Ọ̀rọ̀ náà tún wọ aṣọ ológun. Ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 1967, Biafra kéde ìyapa. Dífíṣọ̀n ni ìjọba àpapọ̀ tò láti fi dènà pípín orílẹ̀-èdè: ti Kìíní wọlé láti ìhà Nsukka, ti Kejì, tí Murtala Muhammed darí, gba Mid-West padà kí ó tó doríkọ Onitsha, ti Kẹta, lábẹ́ Benjamin Adekunle, gba ojú omi wọ Bonny àti Calabar. Oṣù kìíní ọdún 1970 ni ogun náà parí. Láàárín ìgbà kan náà, ọmọ tí ó bá gba "Division One" nínú ìdánwò WASC di ẹni tí gbogbo àdúgbò ń bá bàbá rẹ̀ yọ̀.

Àtúnṣe ìjọba ìbílẹ̀ ti ọdún 1976 ni ó pa dífíṣọ̀n rẹ́ nínú ìṣàkóso, tí ìjọba ìbílẹ̀ 301 rọ́pò rẹ̀. Ó ṣẹ́kù sọ́dọ̀ àwọn ológun, àwọn ilé-ẹjọ́, àti D.P.O. ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n ní Bamenda, ní Kamẹrúùnù, ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso pọ̀ mọ́ Nàìjíríà kí ìdìbò ọdún 1961 tó yà á kúrò, Divisional Officer ṣì wà lórí àga rẹ̀.