Ààbò Èrò Inú Bọ́ọ̀sì Nígbà Àjàkálẹ̀-Àrùn

Ààbò èrò inú bọ́ọ̀sì nígbà àjàkálẹ̀-àrùn ni gbogbo ètò tí ìjọba, onímọ́tò, awakọ̀ àti èrò fi ń dènà kí àrùn má baà gba inú ọkọ̀ tàn ká ìlú. Ó ti wà tipẹ́. Nígbà àrùn lùkúlùkú (influenza) ọdún 1918, kọ̀ńdọ́ ọkọ̀ ojú irin ìgboro ní Seattle, Amẹ́ríkà, kì í jẹ́ kí ẹni tí kò bo imú wọlé. Ní New York, ìjọba ìlú yí aago tí àwọn ilé iṣẹ́ àti ṣọ́ọ̀bù ń ṣí àti èyí tí wọ́n ń tì padà, kí èrò má baà ya lu ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àrùn COVID-19, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé pè ní àjàkálẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2020, ló wá sọ ọ̀rọ̀ náà di iṣẹ́ ìwádìí ńlá.

Afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀

Ìlú Ningbo ní Ṣáínà ni àpẹẹrẹ tó yéni jù ti wá. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kìíní ọdún 2020, bọ́ọ̀sì méjì kó àwọn ẹlẹ́sìn Búdà lọ síbi ìsìn kan. Ẹnì kan tó ní àrùn náà wọ bọ́ọ̀sì kejì. Nínú èèyàn 68 tó wà níbẹ̀, 24 ló ní in, pẹ̀lú ẹni àkọ́kọ́ náà. Nínú 60 tó wà nínú bọ́ọ̀sì kìíní, kò sí ẹyọ ẹnì kan. Àlọ àti àbọ̀ kò ju nǹkan bí wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú lọ. Afẹ́fẹ́ kan náà ni ẹ̀rọ amúlétutù ń fà tó sì ń fẹ́ padà sára èrò. Àwọn tó jókòó jìnnà sí ẹni náà kó àrùn. Awakọ̀ àti àwọn tó wà nítòsí ilẹ̀kùn bọ́.

Nínú ọkọ̀ tí a pa dé, jíjìnnà síra ẹni nìkan kò tó. Síbẹ̀, ó pẹ́ kí àwọn aláṣẹ tó gbà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún yẹn, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣì ń sọ pé àrùn náà kì í gba afẹ́fẹ́ ràn; ní oṣù Keje, onímọ̀ 239 kọ̀wé síta pé kí wọ́n tún un wò. Láàárín àkókò yẹn, fífi apakòkòrò nu àga àti irin ìdìmú ló gba owó àti agbára jù.

Ìlú Èkó

Kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020. Nígbà tí wọ́n dẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, ìjọba Èkó ní kí bọ́ọ̀sì má kó ju ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún èrò tó lè gbà, kí gbogbo èèyàn lo ìbòmú, kí ẹnikẹ́ni má dúró nínú bọ́ọ̀sì ńlá BRT, kí wọ́n sì pa ẹ̀rọ amúlétutù. Àṣẹ ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ, gẹ́gẹ́ bí ti Ningbo ṣe fi hàn. Ní ti danfo, fèrèsé rẹ̀ ń ṣí, ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í sì í sábà dé nítorí kọ̀ńdọ́ tó rọ̀ mọ́ ọn, nítorí náà afẹ́fẹ́ ń wọ̀ ọ́ dáadáa. Ìfúnpọ̀ ni ìṣòro tirẹ̀: èèyàn mẹ́rin lórí ìjókòó kan.

Owó ló ba òfin náà jẹ́. Ọkọ̀ ìbáà kún, ìbáà má kún, awakọ̀ gbọ́dọ̀ san owó ojúmọ́ fún onímọ́tò, kó ra epo, kó sì san owó gáréèjì. Owó ọkọ̀ fò sókè, èrò ló sì san owó àga tó ṣófo. Nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ danfo padà sí mẹ́rin-mẹ́rin, ìbòmú sì sọ̀kalẹ̀ sí àgbọ̀n. Òfin má-jàáde láti aago mẹ́jọ alẹ́ tún mú kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa wá ọkọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan náà, òdìkejì gan-an ohun tí New York ṣe ní 1918.

Awakọ̀

Ní London, ọ̀pọ̀ awakọ̀ bọ́ọ̀sì kú ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́. Láti ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 2020, ilẹ̀kùn àárín ni èrò ń gbà wọlé fún ìgbà díẹ̀, láìsan owó, wọ́n sì dí àwọn ihò ara gíláàsì tó ya awakọ̀ sọ́tọ̀. Ìwádìí University College London sọ lẹ́yìn náà pé ká ní kónílé-ó-gbélé ti yá ju bẹ́ẹ̀ lọ ni, ẹ̀mí àwọn kan ì bá má bọ́. Ìbòmú di dandan nínú ọkọ̀ èrò níbẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 2020.

Àríyànjiyàn

Bí àrùn ṣe ràn tó nínú bọ́ọ̀sì kò tíì yanjú. Ní 2020, àwọn tó tọpasẹ̀ rẹ̀ ní Faransé àti Japan kò rí ohun púpọ̀ tí wọ́n lè so mọ́ ọkọ̀ èrò. Ìbòmú àti àìsọ̀rọ̀ inú ọkọ̀ lè wà lára ohun tó fà á. Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀nà ìtọpasẹ̀ ni kò mú un: ní Èkó, fún àpẹẹrẹ, ẹni tó jókòó ti ẹlòmíì láti Ìkòròdú dé Òṣòdì kò mọ orúkọ rẹ̀, kò sì lè dárúkọ rẹ̀ fún dókítà.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé COVID-19 kì í ṣe ọ̀ràn pàjáwìrì àgbáyé mọ́. Àmọ́, ikọ́ ẹ̀gbẹ ṣì ń gba afẹ́fẹ́ ibi tó há ràn, nítorí náà, ìpínlẹ̀ tó bá ń ra bọ́ọ̀sì tuntun gbọ́dọ̀ rí i dájú pé fèrèsé rẹ̀ ṣeé ṣí.